Nọ́ńbà Tó Gbọ́dọ̀ Bá Fọ́ọ̀mù Lọ, Kó sì Bá A Bọ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo rí àwọn tó ti ń kọ kóòdù tipẹ́ nínú yàrá yìí, mo sì rí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀. Kí àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ má bínú bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ gan-an ló máa ń ṣì í ṣe jù.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní ọ́fíìsì méjì, ọ̀kan ní Ìbàdàn, ọ̀kan ní Ọ̀yọ́. Áàpù kan náà ni àwọn akọ̀wé ibẹ̀ ń lò, dátábéèsì kan náà, ibi tí gbogbo àkọsílẹ̀ wọn wà, ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá kan tó ń ta aṣọ òfì wà lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjì, akọ̀wé Ìbàdàn ṣí àkọsílẹ̀ ìyá yìí, torí ìyá náà pè pé òun ti pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù. Ní ìṣẹ́jú yẹn kan náà, akọ̀wé Ọ̀yọ́ ṣí i, torí ọmọ ìyá náà mú ìwé wá pé kí wọ́n yí orúkọ ajogún padà. Ohun kan náà ló hàn lójú kọ̀ǹpútà àwọn méjèèjì: nọ́ńbà àtijọ́, ajogún àtijọ́. Akọ̀wé Ìbàdàn kọ nọ́ńbà tuntun sí i, ó tẹ Save ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Dátábéèsì gbà á. Ti Ọ̀yọ́ kò yá tó bẹ́ẹ̀, ìwé tí ọmọ náà mú wá kò ṣeé kà dáadáa. Mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló tó tẹ Save tirẹ̀. Dátábéèsì gba ìyẹn náà.

Kí ló wá wà nínú dátábéèsì? Ajogún tuntun, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àtijọ́. Fọ́ọ̀mù Ọ̀yọ́ kò fi orúkọ ajogún nìkan ránṣẹ́. Gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀ ló kó lọ, títí kan nọ́ńbà fóònù tí akọ̀wé náà kò fọwọ́ kàn rárá. Iṣẹ́ Ìbàdàn ti pa rẹ́, kò sì sẹ́ni tó gbọ́.

Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé méjèèjì ló rí i lójú kọ̀ǹpútà pé "A ti fi pamọ́." Bí ẹ bá wo àkọsílẹ̀ iṣẹ́ (log) sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba ohun tí àwọn akọ̀wé ń fi ránṣẹ́, ẹ óò rí ìbéèrè méjì tó yọrí sí rere. Ó lè tó oṣù mẹ́ta kí ìyá tó wá béèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ ìfowópamọ́ òun fi ń lọ sórí fóònù ẹlòmíì. Ẹ sì mọ bí àwọn iléeṣẹ́ fóònù wa ṣe ń ta nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ fún oníbàárà tuntun. Ta lẹ fẹ́ bá wí nígbà náà? Akọ̀wé Ìbàdàn á búra pé òun yí i padà, òótọ́ ló sì ń sọ.

Lost update ni wọ́n ń pe irú òfò yìí nínú ìwé. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé ìlànà SQL ti 1992, tó to oríṣi ìdàrúdàpọ̀ mẹ́ta sílẹ̀ nígbà tó ń ṣàlàyé bí transaction (àkójọ iṣẹ́ tí dátábéèsì ń ṣe bí ẹyọ kan) ṣe gbọ́dọ̀ ya ara wọn sọ́tọ̀, kò ka eléyìí mọ́ wọn. Ọdún 1995 ni àwọn onímọ̀ kan, Jim Gray wà lára wọn, kọ lámèyítọ́ lórí ìlànà náà, tí wọ́n wá ka lost update mọ́ wọn, tí wọ́n fún un ní àmì P4.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ṣebí mo ti fi transaction sí i." Ó dáa. Ìgbà wo ni transaction yẹn bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló parí? Nígbà tí akọ̀wé ṣí fọ́ọ̀mù, transaction kan ka àkọsílẹ̀, ó parí. Nígbà tó tẹ Save, òmíràn kọ ọ́, ó parí. Ìṣẹ́jú méje tí akọ̀wé Ọ̀yọ́ fi ń ronú, tó fi ń wo ìwé, kò sí nínú ìkankan nínú àwọn méjèèjì. Inú ìṣẹ́jú méje yẹn sì ni gbogbo wàhálà náà ti ṣẹlẹ̀.

Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni pé ká ti àkọsílẹ̀ náà pa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí i ló ni ín, kí ẹnì kejì dúró. SQL ní àṣẹ tó ń ṣe é, SELECT … FOR UPDATE. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe lórí títì báyìí ní IBM ní San Jose láàárín àwọn ọdún 1970, Jim Gray tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan sì wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Turing, ẹ̀bùn ńlá àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ní 1998. Mi ò bá títì jà. Fún iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà nìkan ń ṣe, tó máa parí kí ojú tó ṣẹ́, ó dára gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé ilé oníyàrá rẹpẹtẹ tó ní balùwẹ̀ ẹyọ kan mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀. Ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́rí, orin ló ń kọ, àwọn tó kù tò síta pẹ̀lú garawa omi. Akọ̀wé Ọ̀yọ́ ni ẹni tó wà ní balùwẹ̀ yẹn. Ó ṣí àkọsílẹ̀, wọ́n pè é kó wá jẹun, ó lọ. Bí iná bá wá lọ, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kú, ta ló máa ṣílẹ̀kùn? Àwọn kan máa ń fi gbèdéke sí i, pé bí ìṣẹ́jú 15 bá pé, kí títì náà já fúnra rẹ̀. Ẹni tó wá padà dé ní ìṣẹ́jú 16, tó tẹ Save, ńkọ́? Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ náà la padà sí. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó bá fẹ́ fi FOR UPDATE tì í títí fọ́ọ̀mù yóò fi padà dé gbọ́dọ̀ di ìsopọ̀ kan mú sí dátábéèsì fún fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. PostgreSQL, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ dátábéèsì, bí wọ́n ṣe gbé e jáde, 100 ìsopọ̀ ló máa gbà. Bí ọgọ́rùn-ún akọ̀wé bá ṣí fọ́ọ̀mù tí wọ́n lọ jẹun, áàpù yín ti kú nìyẹn.

Ní 1981, H. T. Kung àti John T. Robinson ti Carnegie Mellon University gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ACM Transactions on Database Systems. Wọ́n ní títì ní owó orí tirẹ̀, à á sì san án bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó bá wa du nǹkan kan. Níbi tí ìjà kò bá ti wọ́pọ̀, ẹ jẹ́ kí oníkálukú máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ lórí ẹ̀dà tirẹ̀. Nígbà tó bá fẹ́ kọ ọ́ wọlé ni kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹlòmíì ti ṣe ohun tó kàn án. Bí kò bá sí, kó wọlé. Bó bá wà, kó padà lọ bẹ̀rẹ̀. Kíkà, yíyẹ̀wò, kíkọ: ìpele mẹ́ta ni wọ́n là sílẹ̀. Inú ẹ̀rọ dátábéèsì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń rò nígbà náà, kò sí wẹ́ẹ̀bù. Síbẹ̀, ìrònú yẹn ló wà nídìí ohun tí gbogbo wa ń pè ní optimistic locking lónìí.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le. Ẹ fi kọ́lọ́ọ̀mù kan kún tébù yín, kó jẹ́ nọ́ńbà odidi, ẹ pè é ní version. Nọ́ńbà ẹ̀dà ni. Ìgbàkígbà tí àkọsílẹ̀ bá yí padà, kó fi ẹyọ kan lé. Ká ní ti ìyá aláṣọ òfì wà ní 7 nígbà tí àwọn akọ̀wé méjèèjì ṣí i. Ohun tí áàpù máa fi ránṣẹ́ nìyí:

UPDATE omo_egbe
SET foonu = :foonu, ajogun = :ajogun, version = version + 1
WHERE id = 412 AND version = 7;

Ti Ìbàdàn kọ́kọ́ dé. Dátábéèsì wá ìlà tí id rẹ̀ jẹ́ 412 tí version rẹ̀ sì jẹ́ 7, ó rí i, ó yí i, version di 8. Ó dáhùn pé ìlà kan ni òun yí padà. Ti Ọ̀yọ́ dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, òun náà ń wá 412 tí version rẹ̀ jẹ́ 7. Kò sí irú rẹ̀ mọ́. Dátábéèsì dáhùn pé ìlà òdo ni òun yí padà.

Ẹ kíyè sí i pé dátábéèsì kò bínú o. Lójú SQL, àṣẹ UPDATE tí kò kan ìlà kankan kì í ṣe àṣìṣe. Bí kóòdù yín kò bá ka iye ìlà tó dá padà, "A ti fi pamọ́" náà ni akọ̀wé Ọ̀yọ́ máa rí, tirẹ̀ ni yóò sì wá pa rẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti rí irú kóòdù bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: wọ́n kọ WHERE náà dáadáa, wọ́n sì da ìdáhùn rẹ̀ nù.

Bí àwọn méjèèjì bá wá dé ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà ńkọ́? Dátábéèsì fúnra rẹ̀ máa ti ìlà náà pa fún ìwọ̀nba àkókò tó fẹ́ fi kọ ọ́. PostgreSQL, ní ipele ìyàsọ́tọ̀ transaction tó máa ń wà bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, máa mú kí ẹnì kejì dúró. Bí ẹnì kìíní bá parí, ó máa tún WHERE yẹn yẹ̀ wò lórí ìlà tuntun, ó máa rí 8 níbi tó ti ń wá 7. Títì ṣì wà níbẹ̀, kò kàn dé ọwọ́ ènìyàn ni.

Ibi tí mo ń lọ gan-an la dé yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ Java, ta ló ti fi @Version, àmì tó ń mú kí nọ́ńbà ẹ̀dà máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, sí kíláàsì rẹ̀ rí? Ọwọ́ pọ̀. Ẹ ò bá mi wo kóòdù tó máa ń wà lẹ́yìn bọ́tìnnì Save, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń kọ ọ́. Ó gba id láti inú fọ́ọ̀mù. Ó fi id náà lọ gbé àkọsílẹ̀ jáde nínú dátábéèsì. Ó da ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù sórí àkọsílẹ̀ náà. Ó fi pamọ́. Ó mọ́, ó rẹwà, inú ìwé ẹ̀kọ́ la ti kọ́ ọ.

Ẹ wá fi akọ̀wé Ọ̀yọ́ sí i. Ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, sáfà gbé àkọsílẹ̀ jáde. Version mélòó ló máa bá? Mẹ́jọ! Ìbàdàn ti kọ tirẹ̀ wọlé. Sáfà wá da fọ́ọ̀mù Ọ̀yọ́ lé e lórí, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àtijọ́ nínú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ padà pẹ̀lú WHERE version = 8. Ìlà kan yí padà. Gbogbo nǹkan lọ déédéé, iṣẹ́ Ìbàdàn tún pa rẹ́, @Version sì jókòó síbẹ̀ gẹlẹtẹ. Ohun tó ṣọ́ kò ju ìwọ̀nba àkókò tó wà láàárín ìgbà tí sáfà gbé e jáde àti ìgbà tó kọ ọ́ padà. Ìṣẹ́jú méje tó ṣe pàtàkì wà níta.

Nítorí náà, nọ́ńbà 7 gbọ́dọ̀ kúrò ní sáfà pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Kó wà nínú rẹ̀ bí input tí ojú kì í rí, tàbí nínú JSON, ìyẹn dátà tí a tò bí ọ̀rọ̀, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù. Kó wà pẹ̀lú akọ̀wé ní gbogbo àsìkò tó fi ń ronú. Kó sì bá Save padà wá. Òun la fi ń mọ ohun tí ojú akọ̀wé rí nígbà tó ń pinnu. Nọ́ńbà tí sáfà ṣẹ̀ṣẹ̀ kà nígbà tí Save dé kò lè sọ ìyẹn fún wa.

Ẹ̀yin oní-Hibernate, irinṣẹ́ Java tó ń gbé àkọsílẹ̀ jáde nínú dátábéèsì, tó sì ń kọ ọ́ padà, ẹ ṣọ́ra níhìn-ín. Ẹ lè rò pé, "Ó dáa, máa gbé àkọsílẹ̀ jáde, máa wá fi 7 tó ti inú fọ́ọ̀mù wá rọ́pò version tó wà lórí rẹ̀." Kò ní ràn yín lọ́wọ́. Bí àkọsílẹ̀ náà bá ti wà lábẹ́ ìṣọ́ Hibernate, version tó bá a nínú dátábéèsì nígbà tó gbé e jáde ló máa lò. Èyí tí ẹ fọwọ́ kọ sí i, kò ní kà á sí. Ẹ fi ojú ara yín wé e: bí ti fọ́ọ̀mù kò bá bá ti àkọsílẹ̀ mu, ẹ dá a dúró níbẹ̀. Tàbí kí ẹ lo merge lórí ohun tí kò sí lábẹ́ ìṣọ́ rẹ̀, tó gbé 7 dání. Ní Rails, irinṣẹ́ áàpù wẹ́ẹ̀bù ti Ruby, ó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ pe kọ́lọ́ọ̀mù náà ní lock_version, ẹ fi pamọ́ sínú fọ́ọ̀mù, StaleObjectError ló máa já lù yín bó bá ti di àtijọ́. Django, ti Python, kò ní i rárá. Filter àti update lẹ máa fi kọ ọ́, kí ẹ sì ka iye ìlà tó dá padà.

Ohun kan tún wà tí kì í hàn bọ̀rọ̀. Nọ́ńbà ẹ̀dà àti ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti inú kíkà kan náà jáde. Bí áàpù yín bá ń mú àkọsílẹ̀ láti inú káàṣì, ibi tó ń tọ́jú ẹ̀dà sí fúngbà díẹ̀, tó wá lọ béèrè version lọ́tọ̀ lọ́wọ́ dátábéèsì, ẹ lè fi nọ́ńbà tuntun lé ọ̀rọ̀ àtijọ́ lórí, kò sì sí àyẹ̀wò tó máa mú un.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí áàpù tiyín wà, ẹ má wulẹ̀ ka kóòdù. Ẹ ṣí àkọsílẹ̀ kan ní táàbù méjì. Ẹ yí nǹkan kan padà ní táàbù kìíní, ẹ fi pamọ́. Ẹ kọjá sí ìkejì láì tún un ṣí, ẹ yí nǹkan mìíràn, ẹ fi pamọ́. Bí kò bá pariwo, ẹ mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹnì kan máa ń béèrè pé kí ló dé tí a kò lo aago, updated_at tó ti wà lórí tébù tẹ́lẹ̀. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn rẹ̀. DATETIME ní MySQL, ẹ̀rọ dátábéèsì mìíràn, bí ẹ kò bá sọ pé ẹ fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, orí ìṣẹ́jú àáyá ló ń dúró. Ẹni méjì tó bá kọ nǹkan wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà máa ní aago kan náà. Sáfà méjì náà kì í sábà bá ara wọn mu lórí aago. Nọ́ńbà tó ń lé ní ẹyọ kan kò ní irú wàhálà yẹn.

Lórí wẹ́ẹ̀bù, HTTP ti ní tirẹ̀ láti àwọn ọdún 1990: sáfà fi ETag, àmì ẹ̀dà, sára ohun tó fi ránṣẹ́, bráúsà tàbí áàpù dá a padà nínú If-Match, bí kò bá sì bá ti ìsinsìnyí mu, sáfà dáhùn pẹ̀lú 412 (nọ́ńbà ìkọ̀sílẹ̀ HTTP ni, kì í ṣe id ìyá wa). Ní 2012, RFC 6585, ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì kan, fi 428 kún un, fún sáfà tó bá fẹ́ sọ pé òun kò ní gba ohunkóhun tí kò bá mú If-Match dání. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe API, ojú ọ̀nà tí áàpù fi ń bá áàpù sọ̀rọ̀, 428 yẹn dára, ẹ lò ó. CouchDB, dátábéèsì mìíràn, náà ń béèrè _rev, nọ́ńbà ẹ̀dà tirẹ̀, lọ́wọ́ yín, bí ẹ bá mú èyí tó ti kọjá wá, 409 ló máa fi kọ̀ ọ́.

Mímọ̀ pé ìjà wà ni ìdajì tó rọrùn. Kí la máa wá sọ fún akọ̀wé Ọ̀yọ́? Ohun tí mo máa ń rí jù ni pátákó pupa: "Ẹlòmíì ti yí àkọsílẹ̀ yìí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe." Bó bá tẹ OK, fọ́ọ̀mù ṣófo, gbogbo ohun tó tẹ̀ ti lọ. Ká ní lẹ́tà gígùn ló ń kọ síbẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbà á lọ́wọ́ pé kó má ba iṣẹ́ ẹlòmíì jẹ́, ẹ wá ba tirẹ̀ jẹ́. Ní tèmi o, áàpù tó ń ṣe báyìí kò sàn ju èyí tí kò ní àyẹ̀wò kankan lọ, torí kò ní pẹ́ tí àwọn akọ̀wé á fi bẹ olùkọ kóòdù pé kó bá wọn yọ ọ́ kúrò.

Ẹ wo bí Wikipedia ṣe ń ṣe é. Ti Yorùbá náà ń lo MediaWiki bíi ti àwọn èdè yòókù, ẹni tó bá sì ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn tún àyọkà kan ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo ti lè bá a pàdé. Nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì àtúnṣe, fọ́ọ̀mù mọ ẹ̀dà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹlòmíì bá ti kọ nǹkan wọlé kí ẹ tó parí, MediaWiki máa gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta sílẹ̀: èyí tí ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, àti tiyín. Bó bá jẹ́ pé ìpínrọ̀ kìíní ni ẹlòmíì yí, tí ẹ̀yin yí ìkẹwàá, ó máa pa wọ́n pọ̀ láì yọ yín lẹ́nu. Bó bá jẹ́ ibì kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ kàn, ó máa fi méjèèjì hàn yín, kí ẹ fojú ara yín yàn. Tiyín wà níbẹ̀, kò dà á nù.

A lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyá aláṣọ òfì. Fóònù yàtọ̀ sí ajogún. Bí áàpù bá rántí ohun tó wà ní ẹ̀dà 7, ó máa mọ̀ pé akọ̀wé Ọ̀yọ́ kò yí fóònù padà, ajogún nìkan ló yí, á sì fi ajogún tuntun sórí ẹ̀dà 8 láì pe ẹnikẹ́ni. Àmọ́ kí ó má yá yín lára jù. Ká ní àkọsílẹ̀ náà ní orúkọ báńkì àti nọ́ńbà àkáǹtì. Akọ̀wé kan rí i pé báńkì ni kò tọ̀nà, ó yí i. Èkejì yí nọ́ńbà àkáǹtì sí ti àkáǹtì tí ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní báńkì àtijọ́. Bí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, báńkì tuntun pẹ̀lú nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ ti ṣe àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò béèrè fún. Àwọn nǹkan tó bá jọ ń rìn, ẹ so wọ́n pọ̀ bí ẹyọ kan. Bí ẹni méjì bá fọwọ́ kan ẹyọ kan náà, ènìyàn ni kó dá a.

Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló pàdé ìjà, tí kò sí akọ̀wé nídìí rẹ̀, ó lè tún un gbìyànjú. Kó ka àkọsílẹ̀ lọ́tun, kó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe lórí ohun tó bá, kó tó kọ ọ́. Èyí tí mo máa ń rí ni kóòdù tó gba ìkìlọ̀, tó lọ mú version tuntun nìkan, tó sì tún fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà ránṣẹ́. Gbogbo ohun tí a ń sọ láti àárọ̀ ló fi ìlà márùn-ún bà jẹ́ yẹn.

Ibì kan wà tí mi ò ní fi optimistic locking sí. Bí ẹgbẹ́ bá ní ìlà ẹyọ kan tó ń di àpapọ̀ owó mú, tí gbogbo ìsanwó ìparí oṣù ń fọwọ́ kàn án, ẹni kan ṣoṣo ló máa wọlé nígbà kọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù á máa padà lọ gbìyànjú, wọ́n á máa kọlu ara wọn. Kung àti Robinson fúnra wọn sọ pé ibi tí ìjà kò bá ti wọ́pọ̀ ni. Fún owó, ẹ jẹ́ kí dátábéèsì ṣe ìṣirò náà: SET owo = owo - 5000 WHERE id = 412 AND owo >= 5000. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń yọ ọ́, nínú àṣẹ kan ṣoṣo.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ní oṣù kẹta 2014, Flexcoin, tó ń tọ́jú bitcoin fún àwọn ènìyàn, kéde pé òun ti ilẹ̀kùn pa, torí wọ́n ti kó bitcoin 896 lọ. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ẹni náà fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbéèrè ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà láti gbé owó láti àkáǹtì kan sí òmíràn, owó ń wọ ibi tó ń lọ kí iye tó kù níbi tó ti wá tó yí padà. Gbogbo ìbéèrè náà ka iye kan náà, gbogbo wọn rí i pé ó tó.

Nọ́ńbà ẹ̀dà kò sì ṣọ́ ju ìlà tó wà lórí rẹ̀ lọ. Ká ní òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ ṣe onídùúró fún ju ẹni méjì lọ. Bàbá kan ti dúró fún ẹnì kan. Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ jọ wò ó nígbà kan náà, àwọn méjèèjì rí ẹyọ kan, oníkálukú fi ìlà tuntun kún tébù onídùúró. Ó di mẹ́ta. Ìlà kankan kò yí padà lábẹ́ ẹnikẹ́ni, version kankan kò já. Ohun tó yẹ ni kí fífi onídùúró kún un máa mú version bàbá yẹn gan-an lé ní ẹyọ kan, bí orúkọ rẹ̀ àti fóònù rẹ̀ kò tilẹ̀ yí. JPA, ìlànà Java tí Hibernate ń tẹ̀ lé, ní OPTIMISTIC_FORCE_INCREMENT fún irú rẹ̀. Nígbà náà, ẹnì kejì á bá nọ́ńbà tó ti kọjá.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀, arábìnrin kan dìde, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Àwọn tó ń gba àjọ fún wa ní ìgbèríko, fóònù wọn lè má rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé version náà máa ṣiṣẹ́?"

Ó máa ṣiṣẹ́, àǹtí mi, ó kàn máa dá ohun púpọ̀ padà fún yín ni. Version tó wà lórí fóònù yẹn ti di ti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ìjà tí kò wọ́pọ̀ á wá di ojoojúmọ́. Fún àdírẹ́ẹ̀sì àti orúkọ, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan ní ọ́fíìsì máa parí àwọn tó bá jà. Fún owó, ẹ má jẹ́ kí fóònù fi àkọsílẹ̀ odindi ránṣẹ́ rárá, kó má sọ pé "iye owó ìyá yìí jẹ́ ₦46,000." Kó fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́: ₦2,000 wọlé, ọjọ́ báyìí, lọ́wọ́ ẹni báyìí. Ìlà tuntun ni ìsanwó kọ̀ọ̀kan, kò bá ẹnikẹ́ni du nǹkan kan. Kí fóònù sì fi àmì tirẹ̀ tí kò jọ ti ẹlòmíì sára ìsanwó kọ̀ọ̀kan kó tó fi ránṣẹ́, kí dátábéèsì ní UNIQUE, òfin pé ohun kan kò gbọdọ̀ wà lẹ́ẹ̀mejì, lórí àmì náà, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìgbèríko máa já lẹ́yìn tí owó ti wọlé, kí ìdáhùn tó dé. Fóònù á tún un fi ránṣẹ́, wọn ò sì gbọdọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì fún ìyá.